Ẹ Má Fo Orin Kankan: Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Àwo Rọ́ọ̀kì Tó Ń Pìtàn

Orin 15, ìṣẹ́jú 59, ìtàn kan ṣoṣo. Bí àwo Operation: Mindcrime tí ẹgbẹ́ Queensrÿche láti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1988 ṣe rí nìyẹn. Òun ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí pé orí ààlà hard rock, ìyẹn rọ́ọ̀kì tí gìtá rẹ̀ le, àti heavy metal, èyí tó tún le jù ú lọ, ló jókòó sí: gìtá rẹ̀ le, síbẹ̀ ohùn orin rẹ̀ ṣeé kọ ní balùwẹ̀. Àwọn tó ń gbọ́ rọ́ọ̀kì n'Íkòròdú kò pọ̀, mo mọ̀. Láàárín fújì tó ń dún ní Sábó àti orin ìyìn tó ń ti inú sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì jáde, ibi tí gìtá òyìnbó máa gbà wọlé kò fẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wà, ìbéèrè wọn sì máa ń jọra: kí ló dé tí gbogbo èèyàn ń yin àwo yìí, tí èmi gbọ́ orin mẹ́ta nínú rẹ̀ tí kò ṣe mí ní nǹkan kan?

Ìdáhùn tèmi ò gùn: etí wọn wà lọ́dọ̀ ọ̀rọ̀, ìtàn sì wà lọ́dọ̀ ohùn orin. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ adùn irú àwo báyìí, kó kọ́kọ́ tẹ̀lé ohùn tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀, kó tó wá ọ̀rọ̀ orin kà. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe òdìkejì. Wọ́n á ṣí ọ̀rọ̀ orin sójú fóònù, wọ́n á máa kà á bí ìwé ìròyìn, gìtá á wá di ariwo tí kò jẹ́ kí wọ́n ráyè kàwé. Kó tó di orin kẹrin, ó ti sú wọn.

Wọn ò jẹ̀bi. Nínú orin tiwa, ọ̀rọ̀ ló ń darí ohùn. Bí ohùn bá gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀, ọkọ̀ á di ọkọ́, àwọn tó ń gbọ́ á sì máa wo ara wọn lójú. Ẹni tó bá ti bá wọn kọrin nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì mọ ìyọnu yìí dáadáa, torí ó kún inú àwọn orin ìsìn àtijọ́ tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì fi ohùn òyìnbó kọ: ohun tó wà nínú ìwé lọ́tọ̀, ohun tí etí ń gbọ́ lọ́tọ̀. Gángan pàápàá, ìró rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kò sí bí etí wa kò ṣe ní máa wá ọ̀rọ̀ nínú gbogbo ohùn tó bá gòkè tó bá sọ̀kalẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú ìdè yẹn. Ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ kan náà lókè téńté, kí ẹ tún kọ ọ́ nísàlẹ̀ pátápátá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Ohùn orin bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀, ó wá ṣeé rán níṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó ń to àwo onítàn lè fún ẹnì kan nínú ìtàn ní ohùn tirẹ̀, kó fún ẹ̀rù ní tirẹ̀, kó wá dá ohùn ẹ̀rù yẹn padà lẹ́yìn ìdajì wákàtí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ nìkan kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni padà wá. Ẹni tó fetí sí ohùn á ti mọ̀ kí olórin tó lanu.

Tommy, tí ẹgbẹ́ The Who gbé jáde ní 1969 gẹ́gẹ́ bí àwo méjì lápapọ̀, fi èyí hàn ní gbangba. Orin tó ṣáájú nínú rẹ̀ ń jẹ́ Overture, àwọn ohùn tí a ṣì máa bá pàdé níwájú ni wọ́n sì kó jọ síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ eré Hubert Ogunde á rántí opening glee, orin àti ijó tí wọ́n fi ń ṣí eré kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ wọn sún mọ́ra, àmọ́ overture rọ́ọ̀kì kì í kí èrò, kì í sì í ṣàlàyé. Ó kàn ń fi ohùn pamọ́ sí yín létí ni, kí ẹ lè dá a mọ̀ bó bá dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún èèyàn pé kó gbọ́ orin àkọ́kọ́ àwo onítàn lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá dúró díẹ̀ lórí gìtá, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá padà.

Ìró gìtá hard rock máa ń wá látinú áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, tí wọ́n ti tì kọjá agbára rẹ̀. Ìgbì ohùn tó wọ inú rẹ̀ ga ju ohun tó lè gbé lọ, orí ìgbì náà á gé kúrò, ìgé yẹn á sì bí àwọn ohùn mìíràn tí kò sí lórí okùn tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ló ń fún gìtá ní gbígbóná àti ìfà gígùn tí a mọ̀ ọ́n sí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé, bí onígìtá bá tẹ dò, mí àti sò pọ̀ nínú irú ìró yẹn, àwọn ohùn tuntun tó ń bí á máa ta ko ara wọn, gbogbo rẹ̀ á sì dàrú bí ẹrẹ̀. Kí ni wọ́n wá ṣe sí i? Wọ́n yọ mí kúrò. Dò àti sò nìkan ni wọ́n ń tẹ̀, bóyá pẹ̀lú dò ti òkè. Power chord ni wọ́n ń pe ìyẹn, òun ló sì wà nídìí ọ̀pọ̀ orin hard rock tí ẹ lè gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ sol-fa á ti rí ohun tó sọnù. Mí ló ń sọ fún wa bóyá orin ń yọ̀ tàbí ó ń ṣọ̀fọ̀. Tó bá wà ní ipò rẹ̀, ojú orin là. Tí wọ́n bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, ojú orin ṣú. Gìtá tó ń tẹ dò àti sò lásán kò sọ èyíkéyìí. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó wá ń mú mí wá ni olórin, tàbí àwọn tó ń gbè é, tàbí kíbọọ̀dù, tàbí gìtá kejì tó wà lókè. Ohun tó mú kí hard rock di olóhùn dídùn nìyẹn: ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, kò sì sọ ibi tó wà, ohùn èèyàn ló ń pinnu ìbànújẹ́ tàbí ayọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ dán an wò ní ìgbà tí ègbè bá dé. Ẹ fi imú kọ ohùn gìtá tó wà nísàlẹ̀ jù, kí ẹ pè é ní dò. Ẹ wá fetí sí ohùn tí olórin fà gùn jù nínú ègbè, kí ẹ ka iye àtẹ̀gùn tó wà láàárín ohùn yẹn àti dò. Bó bá jẹ́ mí ni, ẹ ti mọ ẹni tó gbé ọkàn orin náà dání. Bó bá jẹ́ rè tàbí fá tí kò fẹ́ jókòó, ẹ máa retí: ó fẹ́ lọ síbì kan, ó sì lè má débẹ̀ títí orin fi máa parí, pàápàá bí ìtàn bá wà níbi tí nǹkan ò tíì yanjú.

Chris DeGarmo àti Michael Wilton ló ta gìtá lórí àwo Queensrÿche yìí. Nígbà tí gìtá méjì bá jọ ń kọ ohùn orin, ọ̀kan á máa lọ dò, rè, mí, èkejì á máa lọ mí, fá, sò lórí rẹ̀, bí áàtò àti sópránò ṣe ń ṣe nínú kúáyà. Àṣà rọ́ọ̀kì sì ni láti tẹ ọ̀kan sí apá òsì, kí wọ́n tẹ èkejì sí apá ọ̀tún. Ẹ̀yin méjì tí ẹ ń pín íápíìsì kan lò nínú bọ́ọ̀sì, gìtá kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ń gbọ́ nìyẹn. Ẹ lè máa jiyàn lórí orin kan náà títí dé Mile 12, kí ẹ̀yin méjèèjì sì jàre. Sípíkà Bluetooth kékeré tó jẹ́ ẹyọ kan ń da méjèèjì pọ̀ sójú kan. Ohùn ò sọnù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ààyè tó wà láàárín wọn ti lọ.

Ìlù ò tó bẹ́ẹ̀ láti sọ. Ẹni tí bàtá àti gángan tọ́ dàgbà máa ń wá àsọyé nínú ìlù rọ́ọ̀kì, kò sì sí níbẹ̀. Bí ẹ bá ń ka orin ní 1, 2, 3, 4, kíìkì, ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù, bọ́ sí 1 àti 3, síníà, ìlù kékeré tó ń ta ṣáá, bọ́ sí 2 àti 4, ó parí. Ohun tí ẹ máa ṣọ́ ni ìgbà tí síníà bá kúrò ní 2 àti 4 tó lọ bọ́ sí 3 nìkan. Ìyára orin ò yí padà, ṣùgbọ́n ara á gbà á bí ẹni pé ó ti falẹ̀ sí ìdajì. Ibi tí ẹrù ìtàn bá ti wúwo ni wọ́n sábà máa ń fi í sí.

Ó tó kí n sọ ìtàn inú àwo náà báyìí, torí pé mímọ̀ ọ́n ò ba nǹkan jẹ́. Nikki ni orúkọ ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn. Heroin ti di bárakú fún un, inú ń bí i sí bí ìlú ṣe ń lọ, ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Dr. X sì fi oògùn yẹn àti ìbínú yẹn mú un wọ ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Dr. X máa sọ lórí fóònù, Nikki á sì lọ pa ẹni tí wọ́n bá ní kó pa. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Sister Mary, tó ti ṣe aṣẹ́wó rí kó tó di obìnrin ìjọ lábẹ́ àlùfáà kan, Father William. Nikki fẹ́ràn rẹ̀. Dr. X wá ní kó lọ pa Mary àti àlùfáà náà. Kò lè pa Mary. Àwọn méjèèjì fẹ́ jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n Dr. X rán an létí ẹni tó ń fún un lóògùn. Nígbà tó padà, òkú Mary ló bá. Orí rẹ̀ dàrú, ó di èrò ilé ìwòsàn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ilé ìwòsàn yẹn ni àwo ti bẹ̀rẹ̀. Nínú orin àkọ́kọ́, I Remember Now, Nikki wà lórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì wọlé wá gún un lábẹ́rẹ́, ó sì sọ pé òun ti rántí. Ohun tó kù, ìrántí ni. Nígbà tí Eyes of a Stranger, orin kẹẹ̀ẹ́dógún, bá sì fẹ́ parí, gbólóhùn tó jẹ́ orúkọ orin àkọ́kọ́ yẹn náà ni a tún gbọ́. Ìtàn náà yípo. Pink Floyd ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú lórí The Wall ní 1979: wọ́n gé gbólóhùn kan sí méjì, ìdajì rẹ̀ wà ní òpin àwo, ìdajì tó kù wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì dá àwo padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ló máa gbọ́ ọ tán. Ẹni tó ń fo orin ò ní mọ̀ láéláé.

Ìyẹn ló mú mi dé ọ̀rọ̀ àwọn orin kúkurú. Márùn-ún nínú orin 15 yẹn kò pé ìṣẹ́jú 2: I Remember Now, Anarchy-X, Electric Requiem, Waiting for 22 àti My Empty Room. Àwọn ni èèyàn máa ń yọ kúrò nígbà tó bá ń to orin tirẹ̀ jọ sórí fóònù, torí pé wọn ò ní ègbè tó ṣeé kọ. Àṣìṣe ńlá ni. Inú Electric Requiem ni Nikki ti rí òkú Mary. Ẹni tó bá fò ó á gbọ́ Breaking the Silence lẹ́yìn rẹ̀ bí orin ọkùnrin kan tó ń wá olólùfẹ́ rẹ̀ kiri, kò sì ní mọ ohun tó fà á.

Ibi tí mo ní kí ẹ fi gbogbo ara gbọ́ ni orin 8, Suite Sister Mary. Ó lé ní ìṣẹ́jú 10. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi bẹ̀rẹ̀, Dr. X ń pàṣẹ ìpànìyàn bí ẹni ń rán ọmọ lọ sí ọjà. Kúáyà wá wọlé lẹ́yìn náà, Michael Kamen, tó ti bá Pink Floyd ṣiṣẹ́ lórí The Wall, ló sì to orin kúáyà àti ti àwọn okùn síbẹ̀. Títí di ibẹ̀, Geoff Tate, olórin ẹgbẹ́ náà, nìkan ló ń lé orin. Nínú orin yìí ni Pamela Moore ti kọ́kọ́ lanu gẹ́gẹ́ bíi Mary. Ní gbígbọ́ kìíní, ẹ kàn ṣọ́ ìṣẹ́jú tí ohùn rẹ̀ wọlé. Ní gbígbọ́ kejì, ẹ fi Tate sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀lé obìnrin náà nìkan, ẹ wo ibi tí àwọn méjèèjì ti ń dá ara wọn lóhùn àti ibi tí wọ́n ti jọ ń kọ. Ní ẹ̀kẹta, ẹ tẹ̀lé Eddie Jackson lórí béèsì. Nígbà yẹn ni kí ẹ tó ṣí ọ̀rọ̀ orin. Ẹ óò rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ti yé yín kí ẹ tó kà á.

Àwọn òbí wa tó ń gbọ́ àwo jùjú ní àwọn ọdún 1970 kò ní ṣe wàhálà pẹ̀lú orin gígùn báyìí. Ebenezer Obey àti King Sunny Ade máa ń so orin pọ̀ mọ́ra láti etí àwo dé àárín láìsí ìsinmi, ojú kan rẹ̀ á sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 sí 20. Fóònù ló sọ wá di oníkánjú.

Fóònù yẹn náà ló sì máa kọ́kọ́ ba àwo yìí jẹ́ fún yín bí ẹ ò bá tún un ṣe. Ẹ pa shuffle, èyí tó ń da ètò orin rú. Kò yẹ kí n sọ ìyẹn rárá. Ẹ wọ inú settings, kí ẹ dá crossfade sí 0, torí òun ló ń da ìparí orin kan lu ìbẹ̀rẹ̀ èkejì níbi tí olórin ò ti fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí gapless, èyí tó ń so orin mọ́ra láìsí àlàfo, ẹ tàn án. Ẹ pa ohun tó ń mú kí gbogbo orin dún bákan náà, tí wọ́n ń pè ní normalization, torí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àwọn orin kan rọ̀ ju àwọn mìíràn lọ ni. Ẹ pa autoplay pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbólóhùn ìkẹyìn ò ní tíì balẹ̀ tí orin ẹlòmíràn á ti bọ́ lé e lórí. Ẹ̀dà tuntun àwọn àwo àtijọ́ sì máa ń ní orin orí ìtàgé tí wọ́n fi kún un ní ẹ̀yìn. Ìtàn yìí parí sí orin 15. Ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹni tó bá gba MP3 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ á ṣàkíyèsí pé ohùn máa ń já fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín orin méjì tó yẹ kí wọ́n so mọ́ra. MP3 ń gé orin sí ègé, ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ sample 1,152, ìyẹn ẹyọ ohùn tó kéré jù tí wọ́n wọ̀n, bí orin ò bá sì kún ègé ìkẹyìn, wọ́n á fi òfìfo dí i. Òfìfo yẹn ni ẹ ń gbọ́. Ẹ wá ẹ̀rọ tó mọ bó ṣe ń gé e kúrò, tàbí kí ẹ lo FLAC, irú fáìlì orin mìíràn tí kò ní ìṣòro yẹn. Ní ti dátà, ìṣẹ́jú 59 ní 128 kbps (kbps ni iye dátà tí orin ń jẹ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) á jẹ nǹkan bí 57MB, ní 320 kbps á jẹ nǹkan bí 142MB. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sórí fóònù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dára, kó má di pé ó dúró wọ̀ọ̀ ní àárín orin 8.

Ibo wá ni ká ti gbọ́ ọ n'Íkòròdú? Inú bọ́ọ̀sì BRT dà bí ibi tó dára, torí pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè gùn tó àwo kan gbáko. Mi ò gbà á níyànjú fún gbígbọ́ kìíní. Ariwo ẹ́ńjìn á bo gbogbo ibi tó rọ̀, ẹ óò sì gbé ohùn sókè kí ẹ lè gbọ́ ọ, orin líle tó tẹ̀lé e á wá gbá yín létí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tó tó 80 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ń pariwo tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí ohùn bá fi 3 dB lé sí i, wákàtí yẹn á já sí ìdajì. Ọkọ̀ ojú omi láti Èbúté burú ju bọ́ọ̀sì lọ, torí ẹ̀yìn yín níbẹ̀ ni ẹ́ńjìn wà. Bọ́ọ̀sì dára fún gbígbọ́ kẹta tàbí kẹrin, nígbà tí ẹ ti mọ ọ̀nà.

Ilé ló dára jù, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa jẹnẹrétọ̀. Èyí kékeré tí wọ́n ń pè ní I-pass-my-neighbour ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ lè jẹ́ 50 Hz, ẹ́ńjìn rẹ̀ sì ń yìn ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Okùn tó nípọn jù lórí gìtá béèsì ń gbọ̀n ní ìgbà 41, èyí tó tẹ̀lé e ń gbọ̀n ní ìgbà 55. Àárín wọn gan-an ni jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bọ́ sí. Ó lè máà pariwo, ẹ lè má tilẹ̀ kà á sí mọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ béèsì mọ́ yín létí. Bí ẹ bá tún ki áńpù bọ iná jẹnẹrétọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ ìró húún lábẹ́ gbogbo ibi tó dákẹ́. Bátìrì fóònù àti íápíìsì tó dí ihò etí dáadáa sàn jù ú lọ. Sípíkà inú fóònù fúnra rẹ̀ ò lè gbé 41 Hz rárá. Ẹni tó bá fi í gbọ́ àwo yìí ti pa Eddie Jackson rẹ́. Ọ̀gànjọ́, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ti parí ìṣọ́ òru, tí epo jẹnẹrétọ̀ ti tán káàkiri àdúgbò, ni wákàtí tó dára jù.

Gbogbo àwo onítàn kọ́ ló yẹ fún irú ìyà yìí ṣá. Ọ̀nà tí mo fi ń dán wọn wò rọrùn: ẹ gbé orin kẹrin lọ sí ipò kọkànlá, kí ẹ gbé kọkànlá wá sí kẹrin. Bí nǹkan kan ò bá bàjẹ́, àwo tí orin rẹ̀ jọ ara wọn lásán ni, kò sí ìtàn níbẹ̀. Àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣáájú gbogbo orin. Ó dùn ní gbígbọ́ kìíní, tó bá di ìkarùn-ún, ẹ ò ní lè fara dà á. Àwọn mìíràn ń ṣàlàyé ìtàn débi pé olórin ò ráyè kọrin mọ́. Gbogbo ẹsẹ ti di lẹ́tà. Èyí tó wá burú jù lójú tèmi ni àwo tí ìyára gbogbo orin rẹ̀ dọ́gba, tí dò rẹ̀ ò sì kúrò lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Operation: Mindcrime náà ní àbùkù tirẹ̀. Síníà rẹ̀ ń dún bí ẹni wà nínú gbọ̀ngàn òfìfo, bí ọ̀pọ̀ àwo ìgbà yẹn ṣe rí, ẹni tó jẹ́ pé orin òde òní ló mọ̀ lè fi ṣe ẹ̀rín. I Don't Believe in Love dára púpọ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́yìn Breaking the Silence, ìtàn dúró lójú kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé gìtá líle kì í ṣe ti wa, ẹ sọ fún un pé Èkó ti ní i láti 1973. Ọdún yẹn ni ẹgbẹ́ BLO, ìyẹn Berkley Jones lórí gìtá, Laolu Akins lórí ìlù àti Mike Odumosu lórí béèsì, gbé Chapter One jáde, òun náà ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Gregory's tó dá ẹgbẹ́ Ofege sílẹ̀ gbé Try and Love jáde. Wọn ò pìtàn lórí àwo wọ̀nyẹn, àmọ́ áńpù tí wọ́n tì kọjá agbára rẹ̀ wà níbẹ̀.

Apá kejì Operation: Mindcrime jáde ní 2006. Pamela Moore padà wá gẹ́gẹ́ bíi Mary, Chris DeGarmo ti kúrò nínú ẹgbẹ́, Ronnie James Dio, olórin heavy metal, ló sì ṣe Dr. X, orin ló fi ṣe é. Ohùn Dio dára, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n lórí àwo 1988, òṣèré ni wọ́n lọ mú wá, Anthony Valentine, ará Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló sì ń sọ. Níbikíbi tí ọ̀rọ̀ Dr. X bá ti di orin, ẹnu Tate ló ti ń jáde, ẹnu Nikki nìyẹn. Aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń tún ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ sọ, kò sì sí bí a ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ti ọ̀gá àti èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nínú àwo àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tí Dr. X wá ń kọrin fúnra rẹ̀, ó di ọ̀tá kan lásán tó ṣeé bá jà. Nítorí náà, bí ẹ bá parí ti 1988, ẹ má sáré lọ sí 2006. Àwo àkọ́kọ́ ò sọ ẹni tó pa Mary fún wa. Ẹ padà sí orin 8 títí dé 10, kí ẹ fi etí yín wá a ná.